Nígbà tí Ọkàn Rẹ̀ Kò Tíì Lù

Ìyẹ̀fun bẹ́nyẹ́, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tiwa, ni mo ń po níwájú ilé ní Ndogbong, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, nígbà tí agbẹ̀bí pè mí lórí fóònù. Ó ní àwòrán inú tí wọ́n yà fún mi láàárọ̀ fi àpò omi oyún hàn, ṣùgbọ́n kò sí ọkàn tó ń lù nínú rẹ̀, kí n tètè wá. Oyún tó ṣáájú ti bàjẹ́ lára mi. Mo fò sórí ọ̀kadà tòun ti ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ọlọ́kadà ní ṣé òun ni mo fẹ́ dín ni.

Dókítà ní níbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀, gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ọmọ ló jọra. Wọ́n kàn ń pín sí méjì méjì, wọ́n ń bí irú ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè di ohunkóhun. Tó bá yá, wọ́n á gba ìpè láàárín ara wọn, ohun tó mú wọn jọra á dákẹ́, èyí á yà sí ọ̀nà egungun, èyí sí ọ̀nà ọkàn. Bóyá tèmi ti yà dáadáa, tó jẹ́ pé mo kàn tètè dé. Bóyá kò yà dáadáa. Ẹ̀rọ ò tíì lè sọ. Kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi tí mo ya sẹ́ẹ̀lì rèǹtè-rente nínú ìdánwò ní lísè, iléèwé girama, n ò mọ̀ pé ó lè gba oorun lójú ènìyàn.

Ìyá ọkọ mi, tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ní a kì í polongo oyún tí kò tíì fìdí múlẹ̀, ló bá sọ fún àdúgbò pé ibà ló ń ṣe mí. Bí aládùúgbò wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àgbo ibà wá nìyẹn. Ìyá ò jẹ́ kí n tọ́ ọ wò, kò sì fẹ́ kí àṣírí tú, òun ló ń mu ún níkọ̀kọ̀, tó ń fajú ro. Èmi ò lè jókòó. Mo ń ṣí ìdérí ìyẹ̀fun wò ṣáá, títí ó fi ní, “Ìyàwó, ṣé ojú rẹ ló ń mú un wú ni?”

Nígbà tí a padà lọ, dókítà yí ojú ẹ̀rọ sí wa. Nǹkan kan bí orí abẹ́rẹ́ ń lù kìkìkì. Ìyá tẹjú mọ́ ọn. “Ó ti ń kánjú,” ó ní. “Ìyá rẹ̀ ló jọ.”

Ọmọ náà ti ń lọ síléèwé báyìí. Lọ́jọ́ kan ó sunkún délé: olùkọ́ béèrè ohun tí kálukú fẹ́ dà, òun nìkan ni kò rí nǹkan sọ. Faransé ló fi ń sunkún. Mo fà á mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n ìyẹ̀fun, mo rọra fi Yorùbá sọ fún un: “Ìgbà kan wà nínú mi tí o lè di ohunkóhun, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Mo dúró dè ọ́ nígbà yẹn. Mo ṣì lè dúró.”