Odò Darling àti Àwọn Tí A Gbọ́dọ̀ Yà Kí

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé sílé wa ní Brampton ni, yìnyín ṣì wà lórí bàtà mi, tí mo ka ètò ìrìn àjò tí àbúrò mi ọkùnrin fi ránṣẹ́ láti Adelaide. Inú bí mi débi pé mi ò lè bọ́ kóòtù.

Èmi ni mo dá a lábàá pé kí àwa méjèèjì wa mọ́tò tẹ̀lé odò Darling, lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, láti Bourke dé ibi tó ti wọnú odò mìíràn ní Wentworth. Ilẹ̀ pupa, àgọ́ létí omi, kò sí ẹlòmíì. Láti ìgbà tí Bàámi ti kú ni mo ti ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ fún un lójúkojú, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Gbogbo líìfù mi ni mo fi sílẹ̀ dè é.

Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu. Alẹ́ àkọ́kọ́, ilé dókítà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Alẹ́ kejì, ilé nọ́ọ̀sì kan tó bá ìyàwó àbúrò mi lọ ilé kéú kan náà. Níbi tí kò tiẹ̀ sí Yorùbá rárá, ó wá ọmọ Ghana kan rí. Nínú aṣálẹ̀ o.

Mo pè é. "Ṣé ìrìn àjò nìyí àbí ìkíni ọdún?"

"Sista mi, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé a máa gba ìlú èèyàn kọjá ká má yà kí i ni? Wọ́n á ní a ò níwà."

Ìwà kẹ̀. Nígbà tí Bàámi wà lórí ibùsùn n'Íbàdàn, èmi ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jókòó tì wọ́n, tí mo ń wẹ̀ wọ́n, tí mo ń fi ṣíbí fún wọn lógì. Òun ò wá. Gbogbo ìgbà tí mo pè é, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa. Òun ló wá ń kọ́ mi níwà. Mo ní kó pa gbogbo wọn rẹ́ nínú ètò náà, látorí dókítà títí kan ọmọ Ghana.

Ó wá ní, "Tó bá ku àwa méjì, ẹ máa sọ ohun tí Bàámi sọ nípa mi kí wọ́n tó kú. Mi ò fẹ́ gbọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣépè fún mi."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo ti fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, létí omi. Ìbínú ò jẹ́ kí n lè dúró de odò kankan mọ́.

"Wọn ò ṣépè fún ẹ," ni mo wí. "Orúkọ rẹ ni wọ́n fi ń pe èmi. Èmi ń wẹ̀ wọ́n, ìwọ ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Títí wọ́n fi kú, wọn ò mọ̀ pé èmi ni mo wá."