Ọjọ́ Tí A Tún Odò Ṣe De Ọmọ Mi

Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé a ò gbọdọ̀ fún ọmọdé ní omi odò abúlé wa mu mọ́. Ìkìlọ̀ yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí, nítorí ọwọ́ mi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Lánlátẹ̀ mọ òórùn omi ẹ̀gẹ́: ó kan, ó ń ta nímú, kì í sì í tètè kúrò lára aṣọ. Láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ló ti ń ṣàn wọ odò.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ sọ ibẹ̀ di ńlá. Ọmọbìnrin mi, tó ń bá àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ àti omi wò ṣiṣẹ́, ni wọ́n rán wá. Ó ti sọ fún mi lórí fóònù pé bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé omi ẹ̀gẹ́ ń ba odò jẹ́, dandan ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò tí yóò máa gbà á. Ìyẹn ò wọ̀ mí létí. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ọmọ mi ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀. Ṣé inú ẹ̀gbin ni kí wọ́n bá wa? Mo bẹ àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí pé kí wọ́n má fún ẹ̀gẹ́ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta.

“Ìyá Ẹnjiníà, ṣé ká kúkú fi ọṣẹ fọ odò náà?” ni ọ̀kan nínú wọn wí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ wọ́n gbọ́ tèmi. A gbá etí odò, a kó èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò.

Ọmọ mi bu omi sí ìgò mẹ́fà, ó wá yíjú sí mi. “Mọ́mì, kí ló dé tí kò rùn? Kí lẹ ṣe sí i?” Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó jókòó sórí òkúta. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí àwọn tún padà wá. Ọ̀gá ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àdéhùn. Ohun tó bá wà nínú ìgò ni kó kọ, bí kò bá lè kọ ọ́, ẹlòmíì á kọ ọ́.

Nígbà tí àbájáde àyẹ̀wò jáde pé omi náà mọ́, ó pè mí láti Ìbàdàn. “Mọ́mì, mi ò parọ́ o, àmọ́ mo mọ̀ pé odò yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n fọwọ́ sí i?”

Ọdún méjì gbáko ló fi wá iṣẹ́ yẹn. Mo ní, “Fọwọ́ sí i, ọmọ mi. Iṣẹ́ ò sí níta.”

Ó fọwọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ náà sọ ibẹ̀ di ńlá, kò sì sí ẹni tó gbẹ́ kòtò kankan. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì jẹ́ kí ará ìlú kankan mọ ọjọ́ tí òun ń bọ̀ wá bu omi mọ́. Mo rò pé mo ń dáàbò bò ó ni, àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ̀ mí mọ́, èmi náà ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ bi í.

Ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá ń bọ̀ wá yẹ omi yín wò, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe rí.