Mákánjúọlá Agbẹ́kànga àti Ààrò Àsíátù

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá wọ agbádá dé ibi iṣẹ́ ní Ijio, wọn yóò kígbe mọ́ ọn pé, "Tètè bọ́ ọ o, kí Mákánjúọlá tó rí ẹ!" Ṣùkúrù Mákánjúọlá ló ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga káàkiri Òkè-Ògùn nígbà ayé rẹ̀. Ọdún tí omi dé Ijio, Ọnárébù Àríyọ̀ tó gbé iṣẹ́ náà wá kó oníkámẹ́rà lẹ́yìn, agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò òun níbi tí òun ti fọwọ́ kan irin tó ń yí wọlẹ̀. Mákánjúọlá pa ẹ̀rọ.

"Ẹ bọ́ agbádá, ọ̀gá."

"Ta ni kó bọ́ agbádá? Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Èmi mọ̀ yín. Irin yìí ni kò mọ̀ yín. Bó bá gbá etí aṣọ yẹn mú, yóò ká yín mọ́ra bí òwú."

Ọnárébù bínú, ó lọ jókòó sínú ọkọ̀. Mákánjúọlá kò jókòó ní tirẹ̀. Ó ń yí ẹ̀rọ ká bí adìyẹ tó fẹ́ yé, ó ń tú ìdè kan, ó ń dè é padà. Oòrùn mú, àwọn obìnrin tó ti to korobá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, títí ọ̀kan nínú wọn fi pariwo pé, "Ọnárébù, omi la wá pọn, a ò wá wo aṣọ!" Ni ọ̀gá bá bọ́ agbádá. Háà! Síńgílẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ihò ara rẹ̀ pọ̀ ju ti ajere lọ. Fọ́tò yẹn gan-an ni oníkámẹ́rà yà, òun ló sì wà nínú fóònù gbogbo ará Ijio bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ìtàn náà dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Ẹni kan ṣoṣo tó máa ń gbọ́ ọ tán, tí yóò rẹ́rìn-ín, tí yóò sì pòṣé lé e ni Àsíátù, ìyàwó Mákánjúọlá. "Ẹ bi wọ́n wò," ni yóò wí, "omi ilé tiwọn dà?"

Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti bínú. Àsíátù ń ṣe ògì tà ní Àgọ́-Àmọ́dù, omi ló sì gba iṣẹ́ náà: omi ni wọ́n fi ń rẹ àgbàdo, omi ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, omi náà ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ. Ọkọ rẹ̀ fún Òkèhò lómi, ó fún Ìsẹ́yìn lómi, àmọ́ Àsíátù ń ru korobá láti kànga ilé Ìyápọ̀, aládùúgbò wọn. Ojoojúmọ́ sì ni ìyàwó Ìyápọ̀ ń bi í pé, "Ṣé ẹ̀rọ Bàbá Waheedat bàjẹ́ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn a máa ta á lára bí ata.

"Bàbá Waheedat, ẹ gbẹ́ omi fún mi síwájú ilé."

"Kò sí omi níwájú ilé."

"Ẹ ò tíì gbẹ́ ẹ, ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti fi ẹ̀rọ tí a fi ń wá omi yẹ gbogbo àgbàlá yìí wò. Ibi méjì ló wà. Ọ̀kan wà nídìí ṣáláńgá, n ò sì ní fún ìyàwó mi ní omi ìgbẹ́ mu. Ìkejì wà lábẹ́ ààrò rẹ gan-an. Wó ilé ìdáná, kí n gbẹ́ ẹ fún ẹ."

"Ilé ìdáná tí ìyá mi mọ? Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ wó pálọ̀ yín ná!"

Ẹ má dá a lẹ́bi. Nígbà tó bí Waheedat, àkọ́bí wọn, ìyá rẹ̀ wá láti Òkèhò láti wẹ ọmọ fún un, ìyá náà ló po amọ̀, tó mọ ààrò, tó sì mọ ògiri ilé ìdáná yí i ká. Ojú ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣì hàn lára amọ̀ náà. Ìyá ti kú, ààrò ló kù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ìjà tọkọtaya yìí a tún bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbà fún ẹnì kejì.

Nígbà kan tí Mákánjúọlá lọ ṣiṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn, Àsíátù yára pe àwọn tó ń fi ọwọ́ gbẹ́ kànga pé kí wọ́n gbẹ́ ọ̀kan síwájú ilé. Wọn ò tíì jìn wọlẹ̀ tí wọ́n fi kan àpáta. Dígà ń ta padà, iná ń ṣẹ́ yọ, wọ́n bá kó irinṣẹ́ wọn lọ. Mákánjúọlá dé, ó wo ihò náà. Ó da iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù sí i, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí àlejò bá wọlé, yóò fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀: "Ẹ wá wo kànga ìyàwó mi. Ó ti so."

Mákánjúọlá lorúkọ rẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tí kì í kánjú ṣe láyé yìí. Orí ìdúró ló ti ń jẹ iyán. Bí wọ́n bá kí i káàbọ̀, ó ti ń dágbére. Ìmáàmù àdúgbò sọ fún un rí pé, "Ṣùkúrù, Ọlọ́run ló ṣàánú ẹ tó fi ìdìde àti ìforíkanlẹ̀ sínú ìrun. Ká ní ìjókòó nìkan ni, o ò bá ti di kèfèrí."

Ìdí ẹ̀rọ nìkan ni kì í ti í kánjú. Kò ní jẹ́ kí irin kan ilẹ̀ títí òpó ẹ̀rọ yóò fi dúró ṣánṣán. Ó ní okùn kan bíi ti bíríkìlà tí irin wúwo wà nídìí rẹ̀, yóò so ó rọ̀, yóò di ojú kan, yóò ní, "Gbé apá òsì sókè díẹ̀." Bàṣírù, igbákejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, yóò gbé e. "Ó ti pọ̀ jù." Bàṣírù yóò sọ̀ ọ́. "Ó kù díẹ̀." Onílé á ti máa fò sókè fò sílẹ̀. "Ihò tó bá wọ́, irin á há sí i," ni Mákánjúọlá máa ń wí. "Bó bá sì já, ẹ̀mí èèyàn lè bá a lọ."

Àìsàn yìí bá a dé òde ìsọmọlórúkọ. Wọ́n ń sọ ọmọ Samsudeen, ará àdúgbò wọn, lórúkọ, Mákánjúọlá rí i pé òpó kánópì kan wọ́. Gbogbo èèyàn ń ṣe àmín, òun ń tú okùn.

"Bàbá Waheedat, ẹ jókòó!"

"Ó wọ́."

"Ẹ fi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ìṣẹ́jú kan."

Òpó náà tọ́ lóòótọ́. Kánópì ló wó lu ìmáàmù, lu bàbá ọmọ, lu gbogbo ẹbí. Lábẹ́ tápólì níbẹ̀, ohùn Mákánjúọlá ni wọ́n ń gbọ́: "Ẹ wò ó, òpó tèmi ṣì dúró!"

Nítorí náà, nígbà tí Àsíátù rí ọkọ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó jókòó jẹ́jẹ́ lórí àga, tí kò mi ẹsẹ̀, kò tíì sún mọ́ ọn tó fi figbe ta. Ará ilé sáré jáde. "Kí ló dé?"

"Wọ́n jókòó!" ló ń ké. "Bàbá Waheedat jókòó!"

Kò sẹ́ni tó ní kó ṣàlàyé.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé ikú Mákánjúọlá le gan-an. Kànga Ìyápọ̀ gbẹ, ògì kò ṣeé ṣe mọ́. Àsíátù alára kò lè jókòó mọ́. Ó ń rìn yí àgbàlá ká, ó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàṣírù wá kí i, ó ní bó bá gbà, òun yóò gbé ẹ̀rọ wá.

"Ẹ gbé e wá," ni Àsíátù wí. "Ẹ gbẹ́ ẹ, kí ihò náà gbẹ bí egungun, kí n lè lọ sọ fún wọn lójú sàréè pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún mi látọjọ́ yìí wá."

Àmọ́ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wó ilé ìdáná. Òun fúnra rẹ̀ ló wó o, ó ń sunkún, ó ń pòṣé. Ibi tí ìka ìyá rẹ̀ hàn sí lára amọ̀, ó rọra yọ ọ́, ó fi ìró wé e, ó gbé e wọ yàrá.

Bàṣírù fi okùn wọn òpó títí ó fi tọ́, ó lé gbogbo èèyàn sẹ́yìn, ó tan ẹ̀rọ. Eruku pupa jáde, eruku dúdú ti àpáta tẹ̀ lé e, ó bo gbogbo wọn. Ìyàwó Ìyápọ̀ náà wá wòran. Àsíátù káwọ́ lérí, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀. Bí ihò yìí bá gbẹ, òun ti wó iṣẹ́ ọwọ́ ìyá òun lásán. Bí omi bá jáde, òun ti fi gbogbo ayé òun bá olóòótọ́ jà. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàṣírù dín iná ẹ̀rọ kù.

"Ẹ fi kún un!" ni ìyàwó Ìyápọ̀ ń ké.

"Rárá o. Àpáta ti là nísàlẹ̀. Bí mo bá kánjú, irin á há."

Díẹ̀díẹ̀ ni irin ń wọlẹ̀. Eruku rọ̀, ó di ẹrẹ̀. Lójijì, omi bú jáde, ó ga ju ògiri lọ, àwọn obìnrin bẹ́ sí ariwo.

Àsíátù kò bá wọn pariwo. Ó yí padà, ó ń wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ibi tí ọkùnrin yẹn ì bá ti máa rìn síwá sẹ́yìn.

"Ó dáa!" ló ké. "Ẹ̀yin lẹ borí! Mo gbà! Ẹ bọ́ síta wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣebí ohun tí ẹ ń dúró dè nìyí!"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó rí i pé omijé ti ń dà lójú rẹ̀.

"Ìyá, wọ́n ti gbọ́," ni Bàṣírù wí.

"Wọn ò gbọ́. Ká ní wọ́n gbọ́ ni, ariwo wọn ì bá ti kan Ṣakí." Ó fi etí ìró nu ojú, ó gba igbá lọ́wọ́ ìyàwó Ìyápọ̀, ó bu omi náà mu, kò dúró kó tòrò.