Ẹnu Tí Màmá Eléso Yá Lò

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ o, oje èso kò níwọ̀n. Máńgòrò àná lè dùn bí oyin, kí tòní tó wá lórí igi kan náà máa kan gógó. Ẹnu nìkan ló mọ bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, ẹnu ló sì mọ ìgbà tí ata-ilẹ̀ tó. Ẹnu yẹn ló sọ Màmá Eléso di ẹni tí gbogbo ayé ń wá lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn. Tí oòrùn bá ti mú, tí máńgòrò àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti dé, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, ẹni tó wá wo aláìsàn, gbogbo wọn á tò síwájú tábìlì rẹ̀. Ó tún máa ń gé máńgòrò, á fi igi tín-ín-rín gún un, á kó o sínú fìrísà títí á fi gan. Àgbàlagbà á máa lá a lójú títì, ojú kò ní í tì í.

Àfi bí ibà kan ṣe dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó dìde, ara le, ṣùgbọ́n ẹnu ti kú. Ó lá iyọ̀, kò mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ó jẹ ọsàn, àfi bí ẹni ń mu omi lásán. Háà! Ta ló máa ra oje lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ adùn? Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún: àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ pọ̀n dàgbà, tó sì mú lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé torí èyí lẹ ṣe ń sunkún?" ni àbúrò wí. "Ẹnu tèmi ńkọ́? Ṣebí ẹnu yín náà ni."

Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ kùtù ni àbúrò ń dé. Ẹ̀gbọ́n á lọ èso, àbúrò á bù ú, á tọ́ ọ wò, á ní, "Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i," tàbí, "Ó ti tó, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́." Tó bá di agogo mẹ́wàá, á ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù òun. Ọjà sì ń tà wàràwàrà.

Lọ́dún yìí, máńgòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ọjà bá dá. Àwọn oníbàárà á gba ife, wọ́n á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á lọ. Màmá Eléso á rí ife lẹ́bàá ògiri, tí oje ṣì wà nínú rẹ̀ dé ìdajì, á sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá oòrùn ni kò mú tó. Oòrùn tó fẹ́ẹ̀ sun èèyàn jóná!

Nọ́ọ̀sì àgbà kan, oníbàárà ọlọ́jọ́ pípẹ́, ló fà á sí kọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Kí ló dé tí oje yín ń kan báyìí? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A rò pé ẹ ti fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àbúrò yín ni."

"Àbúrò mi wo?"

"Èyí tó ń ta tiẹ̀ ní géètì ẹ̀yìn, láti agogo mẹ́wàá. Ká má parọ́, tiẹ̀ dùn. Ó dùn bíi tiyín àtijọ́."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, a ti gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ẹni! Ẹni tó mọ ibi tó ń dunni, kó wá máa fi ìka tẹ ibẹ̀ láràárọ̀! Ó dun Màmá Eléso ju ibà lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò dé bó ṣe máa ń dé. Ẹ̀gbọ́n lọ èso bó ṣe máa ń lọ̀ ọ́. Àbúrò tọ́ ọ wò, ó ní kó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n fún mẹ́rin sí i.

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti dáa."

Màmá Eléso bu ife kan kún dẹ́nu, ó nà án sí i. "Mu ún tán."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti yó."

"Mu ún, ọmọ ìyá mi."

Kí ó sáà ti sọ pé ó kan ni. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn, nítorí tó bá sọ ọ́, ó ti ṣe tán láti dárí jì í. Àbúrò gbé ife sẹ́nu. Ojú rẹ̀ sún kì, omi yọ lójú rẹ̀, ó sì gbé e mì títí ife fi gbẹ. Ó nu ẹnu.

"Ó dùn," ó ní. "Ó dùn gan-an, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ṣeun. Máa lọ sídìí ọjà rẹ. Má wá síbí mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé…"

"Àlàyé kí ni? Ṣebí o ní ó dùn."

Nígbà tí àwọn oníbàárà dé, Màmá Eléso dúró níwájú wọn, ó sì tú àṣírí ara rẹ̀: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi ti kú láti èṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ èyí wò."

Wọ́n bá a tọ́ ọ wò o. Ọjà sì ti ń padà bọ̀. Ní báyìí, nọ́ọ̀sì àgbà á tọ́ ọ wò, awakọ̀ kan á tọ́ ọ wò, olùṣọ́ géètì náà á tọ́ ọ wò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ní ó dùn. Màmá Eléso á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, á sì máa wo ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bó ṣe ń gbé e mì.