Ẹńjinníà Ojú Omi Lórí Ọ̀dà

Ẹni tó bá ń wá ọkùnrin tí kì í gba ìbáwí ní Igbókòdá kò ní rìn jìnnà kó tó kan Olówòkéré. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Awóyè, kò sì sí ẹ́ńjìnì tó kú sórí omi tí kò jí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ló ra mọ́tò àlòkù kan, ó ní gbogbo ẹ́ńjìnì, ìyá kan náà ló bí wọn.

Fẹ̀hìntọlá, aya ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀ ni Olówòkéré nígbà tí wọ́n gbé Fẹ̀hìntọlá wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni. Ó sọ ọ́ ní Ẹńjinníà, torí ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó náà gan-an ni ọmọ yìí tú rédíò bàbá wọn palẹ̀. Rédíò náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kúlà ẹja tútù méjì tí Fẹ̀hìntọlá rà ní Awóyè wà lẹ́yìn mọ́tò náà, òun àti Olówòkéré sì ń gbé e lọ sí Òkìtìpupa. Oníbàárà Òkìtìpupa ti kìlọ̀ pé bí ẹja kò bá bá yìnyín dé, kó má wulẹ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí èéfín fi ń yọ níwájú.

"Ẹńjinníà, ẹ ò rí èéfín yẹn ni?"

"Ó ń mí ni, ìyàwó wa. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó mí títí ó fi gbẹ́mìí mì.

Olówòkéré gbé kẹ́ẹ̀gì, ó pọn omi odò ẹ̀bá ọ̀nà, ó dà á lé ẹ́ńjìnì gbígbóná náà lórí, ó da ìyókù sínú rédíétọ̀. Irin dún kẹ́ẹ́, bí àwo tánganran tó là. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì ń yí wìrìwìrì, kò jí. Ó ní bátìrì ni. Ó ní epo ni. Nígbà tó yá, ó ní ayé ni, pé àwọn kan ní Awóyè kò fẹ́ kí òun ní mọ́tò.

"Olúwa, ṣọ́ ẹnu mi," ni Fẹ̀hìntọlá wí, ó sì pe Sùlèímánì mẹkáníìkì lórí fóònù.

Sùlèímánì gun ọ̀kadà dé. Kò fọwọ́ kan bátìrì. Ó ní kí Olówòkéré yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́tí.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe fúyẹ́? Agbára inú ẹ̀ ń jò."

Ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ: ọ́ìlì ti funfun bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ó tú púlọ́ọ̀gì kan: omi ń kán lẹ́nu rẹ̀.

"Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí omi mọ́ ti jó. Omi ti wọ ibi tí iná ń gbé. Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ bu omi sí rédíétọ̀ kẹ́yìn, kó tó di tòní?"

"Omi kẹ̀? Ṣé kì í fà á fúnra rẹ̀ ni?"

Sùlèímánì wò ó, ó wo ilẹ̀, ó tún wò ó. "Níbo ni yóò ti fà á? Nínú ọ̀dà?"

Ẹ́ńjìnì ojú omi a máa mu nínú odò tó ń gbà kọjá. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ọkùnrin yìí fi retí kí títì fún mọ́tò lómi.

"Ẹńjinníà wa," ni Fẹ̀hìntọlá wí, "ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ."

Ojú ti Olówòkéré, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í pa á lẹ́nu mọ́. Ó dá púlọ́ọ̀gì padà, ó wọ mọ́tò, ó ní kí wọ́n tì í, pé òun ti jí ẹ́ńjìnì tó sùn sínú òkun fún ọjọ́ méjì.

"Tó bá fi omi inú yẹn yí," ni Sùlèímánì wí, "irin inú á tẹ̀. Ẹ ó sì tà á fún àwọn tó ń ra irin."

Fẹ̀hìntọlá ṣí kúlà. Yìnyín ti di omi. Ojú ẹja ti ń ṣú.

"Ìyàwó wa, ẹ fi ẹja yẹn sílẹ̀, ẹ wá bá wa tì í!"

"Olówòkéré!"

Àwọn tó ń kọjá dúró. Sùlèímánì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni orúkọ yẹn kò fi jáde lẹ́nu obìnrin náà.

"Fi mọ́tò sílẹ̀. Wá gbé kúlà."

Kò sọ pé 'ẹ wá'. Ó ní 'wá'. Olówòkéré sọ̀kalẹ̀, ó gbé wọn lérí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilé Láídì, obìnrin kan tó máa ń yan ẹja lẹ́bàá ọ̀nà, kò jìnnà. Òkìtìpupa ti bọ́, ṣùgbọ́n ẹja yíyan kò bẹ yìnyín. Fẹ̀hìntọlá kúnlẹ̀, ó tọrọ ààrò, Láídì sì fún un. Ẹja mẹ́rin ti rùn. Ó jù wọ́n nù. Ó la ìyókù nínú, ó fọ̀ wọ́n, ó ká wọn, ó fi ìrù bọ wọn lẹ́nu, ó tò wọ́n sórí iná. Ẹja náà ti ń pọ́n nígbà tí ọkọ rẹ̀ pè.

"Ṣé ẹ ti dé Òkìtìpupa?"

"A ò dé o. A ń yan ẹja."

"Mọ́tò ńkọ́?"

"Ó ti mu omi yó."

"Àbúrò mi ńkọ́?"

Fẹ̀hìntọlá bojú wẹ̀yìn. Olówòkéré dúró ti Láídì lórí, ó fi ọwọ́ kan lé ìbàdí, ó ń fi èkejì nàka sí ààrò.

"Ó wà níbí, Bàbá Dayọ̀. Ó ń kọ́ onílé bí iná ṣe ń jó."