Ìró Irin Lọ́nà Dáàmù

Báísíkù bàbá mi dàgbà jù mí lọ. Orí kàríà rẹ̀ ni mo ti mọ ọ̀nà dáàmù, ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ tó bá ẹ̀gbẹ́ ojú irin àtijọ́ lọ láti ẹ̀yìn Kakuri, àdúgbò wa nílẹ̀ Hausa, títí dé ibi tí ilé ti tán tí oko bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí bàbá mi kò bá lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á gbé mi sẹ́yìn, wọ́n á ní kí n di bẹ́líìtì àwọn mú, a ó sì gbéra kí oòrùn tó le. Òkúta á máa ta lábẹ́ táyà, èmi á máa kọrin, ohùn mi á máa gbọ̀n bí báísíkù ṣe ń gbọ̀n.

Afárá sìmẹ́ǹtì kékeré kan wà lọ́nà náà tí kò láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àárín ojú irin gan-an lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Nítorí bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ fákítírì aṣọ tó ń gba ibẹ̀ ní àṣà kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á mú òkúta, á kan irin lẹ́ẹ̀mẹta, á wá dẹ etí lé e. Bí irin bá dákẹ́ lẹ́yìn ìkẹta, ẹ máa kọjá. Bí ó bá ń kùn, ẹ dúró, rélùwéè ń bọ̀. Èmi ni bàbá mi máa ń ní kí n dẹ etí. Irin yẹn á tutù mọ́ mi létí bí omi àmù.

"Kí ló wí?"

"Ó ní kò sẹ́ni tó ń bọ̀."

"Ó ṣeun. Ó yá, gòkè, ìyá àgbà."

Iṣẹ́ bàbá mi ni láti máa tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe. Etí ni wọ́n fi ń ṣe é. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gbọ́ èyí tó fẹ́ bàjẹ́ kí ó tó dúró. Mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí wọ́n ti fákítírì pa. Rélùwéè tó ń gba ọ̀nà wa náà ò wá mọ́. Ẹnì kan sọ fún bàbá mi ní mọ́sáláṣí pé ọjọ́ tí rélùwéè bá padà sí ojú irin yẹn, fákítírì á ṣí, torí òun ló ń kó òwú wá. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀wù iṣẹ́ wọn, búlúù, ti wà lára ìṣó nínú yàrá. Oṣooṣù ni wọ́n ń ní kí n fọ̀ ọ́, kí n lọ̀ ọ́, kí n dá a padà síbẹ̀.

Ojú wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, òsì tẹ̀lé e. Dókítà ní a pẹ́ ká tó wá. Nígbà tí mo bí ọmọ mi, ìka ni bàbá mi fi wo ojú rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan imú, wọ́n fọwọ́ kan àgbọ̀n, wọ́n ní, "Màmá rẹ ló jọ." Màmá mi ti kú ṣáájú ìgbà náà. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ ẹrù, a kì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, nítorí náà ilé bàbá mi ni èmi àti ọmọ ń gbé.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí wọ́n fi sọ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan pé, "Gbé mi lọ sí dáàmù lọ́la."

"Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ."

"Oṣù mẹ́jọ lò ń pè ní ṣẹ̀ṣẹ̀? Ọmọ tó ti ń jẹ tùwó!"

Kì í ṣe ọmọ ló ń dẹ́rù bà mí. Àwọn olè ti tú ojú irin náà lọ. Mo ti rí i fúnra mi lọ́jọ́ tí mo lọ ra tòmátì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ dáàmù: irin ò sí, àwọn igi tó dábùú abẹ́ rẹ̀ ò sí. Mi ò sọ nǹkan kan nílé. Mo bi ara mi léèrè pé ẹni tí kò ríran mọ́, ṣé èmi ni màá tún gba ìrètí kékeré tó kù lọ́wọ́ ẹ̀?

Mo fún ọmọ lọ́yàn yó láàárọ̀, mo gbé e fún aládùúgbò wa, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Bàbá mi jókòó sórí kàríà, wọ́n di aṣọ mi mú níbàdí. Bí a ṣe ń kọjá níwájú fákítírì, àwọn ọkùnrin tó jókòó lábẹ́ igi bú sẹ́rìn-ín. "Baba, ka sauka ka tura mana!" Bàbá mi dá wọn lóhùn ní Hausa pé ẹ́ńjìnnì tuntun ni àwọn rà, kò nílò kéèyàn sọ̀ kalẹ̀ tì í. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a rìn jìnnà díẹ̀, wọ́n bi mí pé:

"Ojú irin ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ó kàn dógùn-ún ni."

Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá mi tí kì í dákẹ́ lójú ọ̀nà! Mo ń wa báísíkù, òkúta wẹ́wẹ́ ń fẹ́ gbé táyà lọ lábẹ́ mi, mo ń pè wọ́n, "Hẹ̀n" nìkan ni mò ń gbọ́. Ọwọ́ wọn le níbàdí mi.

A dé afárá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

"Kàn án fún mi."

Mo wo ilẹ̀. Ibi tí irin wà tẹ́lẹ̀, koríko àti òkúta ni. Mo fi ọwọ́ kan di báísíkù mú, mo fi èkejì mú òkúta, mo kan irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá mi gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n kúnlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá irin náà nínú òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n wá a síwájú, wọ́n wá a sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Báísíkù mi lò ń lù," ni wọ́n wí.

Mo ní, "Àwọn olè ti tú u lọ, Bàbá. Ó ti pẹ́."

Mo ń retí kí wọ́n dárúkọ fákítírì. Wọn ò dárúkọ ẹ̀.

"Láti ẹ̀yìn Kakuri ni mo ti ń dẹ etí. Ariwo táyà máa ń lu irin yẹn, á padà wá bá mi. Lónìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo bi ọ́, o ní ó wà níbẹ̀. Mo ní, áà, etí náà ti ń lọ nìyẹn. Ojú lọ, mo gbà. Kí etí tún lọ, kí n wá máa jókòó sójú kan bí àpótí?"

Ìrètí ni mo rò pé mò ń bá wọn tọ́jú. Ẹ̀rù ni mo fún wọn gbé lórí kàríà, láti Kakuri dé ibí, wọ́n sì dá a gbé láìsọ fún mi. Èmi náà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Etí mi ò bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́."

"Búra."

"Wallahi, Bàbá. Etí yín gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan, omi sì ń jáde lójú tí kò ríran. Mo fi ìbòrí mi nù ún fún wọn.

A dé dáàmù. Bàbá mi bọ́jú nínú omi, wọ́n jókòó sórí òkúta. Ọyàn mi ti kún, ó ti rin bùláòsì mi, àmọ́ mi ò lè kánjú. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo ń rí. Mo sọ ọ́: omi ti fà, ẹrẹ̀ tó là wà létí rẹ̀, obìnrin mẹ́ta ń bomi rin àlùbọ́sà lódìkejì. "Fákítírì tí a kọjá ńkọ́?" Mo wá sọ ìyẹn náà. Mo ní koríko ti hù lórí òrùlé, wọ́n ti yọ gbogbo fèrèsé, ẹnu géètì ti di ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Wọ́n ń mi orí. Wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ká máa lọ. Ọmọ á ti máa ké."

Nílé, mo ṣì ń fún ọmọ lọ́yàn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè mí láti yàrá.

"Sọ ẹ̀wù yẹn kalẹ̀ lára ìṣó."

"Ṣé ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ ni?"

"Wọ̀ ọ́ lọ sí ibo? Ká a, kí o so ó mọ́ kàríà. Irin ẹ̀ gún mi nídìí lọ, ó gún mi nídìí bọ̀."

Mo gbé ọmọ pọ̀n. Mo ká ẹ̀wù búlúù náà sí mẹ́rin, ojú ibi tí mo ti lọ̀ ọ́ ṣì ń dán, mo fi okùn so ó mọ́ kàríà, mo ta á ní kókó méjì. Bàbá mi fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kí n fún okùn ọwọ́ òsì le díẹ̀ sí i.