Orí Panla Tó Dé Etíkun

Orí panla kan, pọ́n-ùn mẹ́fà. Ẹni tó bá rò pé ó wọ́n, kó lọ bá òkun ná an. Iye tí mo ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Plumstead, ní London, nìyẹn, lọ́dún tí ọkọ mi ní kí n ti ọjà pa ní ọ̀sẹ̀ Kérésì gan-an, kí á wakọ̀ lọ sí etíkun.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì láti Woolwich dé Thamesmead, tó bá débẹ̀ á tún yí i padà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ bí ìgbálẹ̀, kò dé ibì kankan. Dókítà wá yẹ ojú rẹ̀ wò, ó ní ojú náà ti ń di bàìbàì, tí oṣù bá ti parí kó má fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Ọkọ mi kò sunkún. Ó ní, "Alhaja, mo fẹ́ wa ọ̀nà kan dé òpin rẹ̀ kí ojú yìí tó ṣú." Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, aṣọ òtútù ni mo lọ ń kó jáde.

Àwọn ẹlòmíì rí tiwọn sọ. Ọmọ wa obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní, "Mummy, in this cold? Kí lẹ fẹ́ lọ wò? Òkun ò kúkú sá lọ." Ìyá oníṣu tó múlé ti ṣọ́ọ̀bù mi ní oníbàárà tó bá bá ilẹ̀kùn ní títì kì í padà wá mọ́. Ó tún ní ilé ọtí ló kún gbogbo ọ̀nà ibẹ̀, ṣé èmi Alhaja ni mo fẹ́ lọ jókòó nílé ọtí? Mo ní, "Tí wọ́n bá ní iná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, màá jókòó. Ọtí ò ní fò wọ̀ mí lẹ́nu." Mo ti ilẹ̀kùn níṣojú rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni ọkọ mi ṣe: ọjà kankan kò gbọdọ̀ wọnú ọkọ̀. Mo gbà. Àmọ́ oníbàárà kan ní Ramsgate ti bẹ̀ mí fún orí panla kan, ojú ọ̀nà wa sì ni. Mo fi ọ̀rá mẹ́rin wé e, mo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ aṣọ òtútù nínú bùútù ọkọ̀. A kò tíì kúrò ní Abbey Wood, ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tí ọkọ mi ti ń fi imú wá nǹkan.

"Kí ló ń rùn?"

"Òkun ni, Daddy."

"Òkun, ní Abbey Wood?"

Mo ní atẹ́gùn ló gbé e wá. Ó wò mí bí ẹni ń wo èrò tí kò sanwó bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a dé Ramsgate, oníbàárà kò sí nílé, panla bá di èrò ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ní abúlé kékeré kan tí kò jìnnà sí òkun, taya wa rì sínú ẹrẹ̀. Ọkọ mi kò rí etí ọ̀nà. Ẹni tí kò fi bọ́ọ̀sì kan ògiri rí! Ó di sítíárìn mú, ó ní, "Ojú yìí ti dà mí. Ilé là ń lọ lọ́la." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹrẹ̀ lọ. Mo bọ́ sílẹ̀, ó di inú pọ́ọ̀bù, ilé ọtí tó wà lókè ọ̀nà, tèmi tìborùn mi. Gbogbo ojú yí sí mi, ajá pàápàá dìde. Ta ni ojú ń bà lẹ́rù? Láti kékeré ni mo ti ń pàtẹ. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ọjà mi bi wọ́n pé, "Ta ló lágbára níbí?" Ìyá olótí bú sẹ́rìn-ín. Ó pe àgbà ọkùnrin kan tó ní katakata, wọ́n fa ọkọ̀ wa jáde, ìyá olótí fún wa ní tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, kò sì gba kọ́bọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ níbi tí a sùn sí ní abúlé náà, ọkọ mi ti kọ orí ọkọ̀ sí London. Mo ní ẹsẹ̀ mi kò ní wọ̀ ọ́ àfi tí a bá kọ́kọ́ lọ dúpẹ́ àná. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìyá olótí fi aṣọ oorun ṣílẹ̀kùn.

"Ṣé ọkọ̀ tún ti rì ni?"

"Rárá o. A wá dúpẹ́ àná ni."

"Ṣebí ẹ ti dúpẹ́ lánàá."

"Ti àná nìyẹn."

Ó ń wò wá, ó ń retí ohun tí a fẹ́ tọrọ. Mo bá ṣí bùútù, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé orí panla fún un.

"Háà!" ni ọkọ mi wí. "Òkun rèé!"

Obìnrin náà nà án jìnnà sí ara. "Ṣé ó ti kú?" Mo ní ó ti kú tipẹ́, kó ṣáà sè é pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú, ó ní kò sẹ́ni tó padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun rí. Ó bi ọkọ mi níbi tí a ń lọ. Ọkọ mi ní ilé.

"Ilé kẹ̀? Ọ̀nà yìí ò ju máìlì mẹ́rin mọ́ tó fi parí sínú òkun. Ẹ rọra wà á, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀ nígbà òtútù."

Ọkọ mi wò mí. Mo ń wo ẹyẹ. Ẹnu mímú náà mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ọkọ mi yí orí ọkọ̀ padà.

Ó rọra ń wà á lọ títí ọ̀nà ọlọ́dà fi tán, tí omi nìkan kù níwájú. Ó pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀. Ó ní, "Ó parí o. Gbogbo èrò, ẹ bọ́ sílẹ̀." Èmi nìkan ni èrò. Mo bọ́ sílẹ̀. Òtútù gbá mi létí, mo sì dúró tì í.

Bẹ́ẹ̀ ni, a padà yí ọkọ̀ náà sílé. Ṣé inú omi la ó máa gbé ni? Lónìí, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ni ọkọ mi ń wọ̀, á jókòó lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà, á máa bú u pé kò mọ kọ́nà gé. Kò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n bi í léèrè bí òkun yẹn ṣe rí, ilẹ̀ á ṣú kó tó sọ ọ́ tán. Ìyá oníṣu sì ń wí kiri títí di òní pé mo fi ọjà ṣòfò. Ọjọ́ tí mo ṣílẹ̀kùn padà, àwọn oníbàárà tò dé títì, wọ́n ń bú mi, wọ́n ń rà, ẹja kan ò ṣẹ́ kù nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́. Àdánù mi kò ju ẹyọ kan lọ, ó wà lọ́wọ́ ìyá olótí létí òkun. Ẹ bá mi sọ iye rẹ̀ fún oníṣu: pọ́n-ùn mẹ́fà.